Ihò Ara Ọ̀pá

Ọ̀pá ìtilẹ̀ bàbá mi dá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun,
níbi tí ìgbọ́wọ́lé ike ti pàdé álúmínì.
Adérógbà, ajórin Òkè-Bọ́là nígbà kan,
ẹni tó jó ìdajì géètì àdúgbò wa,
jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ń wo apá méjèèjì
bí ẹni ń wo ọmọ tó fèsì sí i.

Sàláwù fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ó di ọjọ́ kejì, ó ṣí.
Wọ́n fi bóòtù dè é. Ike là láti ojú bóòtù.
Nígbà tí gbogbo wọn lọ kírun Jímọ̀,
bàbá fúnra rẹ̀ yọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù Sàláwù, ó tan iná sí i:
ike sun ẹkún dúdú sílẹ̀, òórùn rẹ̀ dé Mọ́lété,
álúmínì ò tíì làágùn.
“Iná kan náà,” ó ní, “ó pọ̀ jù fún ọ̀kan, ó kéré fún èkejì.”
Ó dákẹ́.
N kò gbọ́ kó bá iná wíjọ́ rí.

Mo gbé e lọ sí Pólì, ní Sáńgo,
níbi tí mo ti ń tọ́jú ẹ̀rọ mílìn kan tó dàgbà jù mí lọ.
Mo fi àfọ́kù wíńdò àti ẹsẹ̀ àga ike dánra wò ná.
Álúmínì lókè, ike nísàlẹ̀, mo dè wọ́n mọ́lẹ̀ típẹ́típẹ́,
mo sọ irin kúkúrú kan kalẹ̀, kò ju èékánná ọmọdé lọ,
mo ní kó máa yí.
N kò ṣáná sí i rárá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbo àtẹ́lẹwọ́ ní ìdájí ọyẹ́,
ẹ ti mọ ohun tó ń lọ níbẹ̀.
Álúmínì kò yọ́. Ó kàn rọ̀, bí àgbà tó gba ìpẹ̀.
Ike abẹ́ rẹ̀ dà bí ògì tó ku díẹ̀ kó di ẹ̀kọ,
ó ń rá wọ gbogbo ibi tí irin ti ha álúmínì lára.
Ẹ má pè é ní ìgbéyàwó, wọn ò di ara kan.
Ike ṣì ń jẹ́ ike. Ó kàn rí ibi dì mú ni,
bí gbòǹgbò ṣe ń di àpáta mú.

Mo kọ́kọ́ yí i yára jù: ike hó jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọṣẹ.
Mo tún sáré rìn ín jù: èékánná lásán ni mo fi ṣí i.
Ọjọ́ tí ti bàbá wá wà lórí ẹ̀rọ,
ó ku ìbú ìka méjì kí n parí,
wọ́n mú iná lọ.
Irin há sínú ọ̀nà tó ń là.
Mo bú gbogbo ẹni tó yẹ ní bíbú.
Òjò ṣú sórí òkè Mọ́kọ́lá, ó rọ̀, ó dá,
èmi ṣì wà níbẹ̀, mo ń fi páálí fẹ́ ara mi.

Ibi tó tutù sábẹ́ ìwúwo ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà
ló le jù ní gbogbo ojú ìsopọ̀.
Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi ní kíláàsì
pé kí n má tètè gbọ́wọ́ kúrò.

Nígbà tí iná dé, irin jáde, ó fi ihò sílẹ̀.
Bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe: ibi tó bá ti dúró ló ti ń fà jáde.

Bàbá gbé ọ̀pá sójú, ó wá ojú ibi tí wọ́n ti jó o, kò rí.
Ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́.
Ó rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó rìn padà.
“Ta ló jó o?”
“Kò sẹ́ni tó jó o, Bàbá.”
Ó ti ọmọńdinrín bọ inú ihò. “O gbàgbé ibí.”

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó ti fi okùn so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn níbẹ̀,
kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù tí a ti tì láti ọdún mẹ́ta.
Ó ń dún wojowojo
bó ṣe ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè-Bọ́là lọ.